Ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi tú ẹrù màmá mi

Yàrá tí màmá mi ń kó lọ nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò tó ìdajì èyí tí wọ́n ń kó kúrò níbẹ̀. Ẹnì kan ní láti tú ẹrù wọn, kó mọ èyí tó máa bá wọn lọ àti èyí tí kò ní lè lọ. A wo ara wa lójú títí, ọ̀rọ̀ náà sì já lé mi léjìká. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló gbà mí, mo sì ti ṣe àṣìṣe tó burú jù nínú rẹ̀ kí wákàtí méjì àkọ́kọ́ tó pé.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì àti àga ni mò ń wí. Ìyẹn ò le: bí kò bá gba ẹnu ọ̀nà, kò gbà á náà nìyẹn. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ni wàhálà, àwọn tó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lókè kọ́bọ́ọ̀dù, nínú dùróà maṣíìnì ìránṣọ. Àwọn tí ẹnikẹ́ni ò lò láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè jù nù. Mo kà wọ́n. 61 ni wọ́n.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo fi fóònù ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn níbi tó wà. Ẹ má yìn mí o. Àbúrò mi ọkùnrin ò sí nítòsí, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa: bí kò bá fojú ara rẹ̀ rí i, yóò ní a ti gbé nǹkan òun pamọ́. Nítorí ẹnu rẹ̀ ni mo ṣe ya fọ́tò. Fọ́tò yẹn ló yọ mí nígbà tó yá.

Ibi maṣíìnì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Singer dúdú ni, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà, tó ní òdòdó aláwọ̀ wúrà lára. Wúrà náà ti pa rẹ́ níbi tí aṣọ ti ń yọ́ kọjá láti ọdún yìí wá. Dùróà méjì wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Mo kó bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́ àti ìdì òwú jáde nínú ti apá ọ̀tún, mo sì rí i pé eruku ti bo pátákó ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ́ńsù sì wà lára rẹ̀ gátagàta, bí ìgbà tí ọmọdé fi í ṣeré. Mo rẹ àkísà sómi, mo nù ún dáadáa. Pátákó náà ń dán. Mo pe màmá kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Wọ́n wò ó títí.

"Àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Nọ́ńbà wo, Mọ́mì?"

"Ìwọ̀n yín."

Aṣọ ilé-ìwé wa ni wọ́n máa ń rán lórí maṣíìnì yẹn. Bí ọdún ilé-ìwé bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi téèpù wọ̀n wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì ní kọ ọ́ sínú ìwé, torí ìwé máa ń sọ nù. Inú dùróà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí: lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ, èjìká, ìbàdí, gígùn. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìṣẹ́jú kan ni mo fi pa á rẹ́.

Wọn ò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n kàn ní "kò burú", wọ́n jókòó, wọ́n wá ń fi àtàǹpàkò ra ojú pátákó náà, bí ẹni pé ìka á lè rí ohun tí ojú ò rí mọ́.

Alẹ́ ni mo tó rántí fọ́tò. Dùróà náà ṣí dé ìdajì nínú rẹ̀. Nígbà tí mo mú àwòrán náà tóbi lójú fóònù, nọ́ńbà 19 ṣeé kà: "T, èjìká 12, gígùn 23½." Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, mẹ́rin jẹ́ tèmi. Ti àbúrò mi, ọwọ́ ẹ̀yìn dùróà ni gbogbo rẹ̀ wà. Mi ò tíì sọ fún un.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, omi àti àkísà di èèwọ̀ fún mi títí dìgbà tí mo bá gbọ́ ìtàn ẹrù kan. Ohun tó jọ ìdọ̀tí lójú ẹni tó ń tú ẹrù lè jẹ́ ìwé lójú ẹni tó ni ín.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo tẹ ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀, mo tún ìjókòó ṣe bí oníròyìn, mo sì gbé kọ́kọ́rọ́ kan tó ti dípẹtà sókè. "Mọ́mì, ẹ sọ ìtàn kọ́kọ́rọ́ yìí fún wa."

"Kọ́kọ́rọ́ ni."

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti aago, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ife. Ẹrù mẹ́ta, kò pé ìṣẹ́jú kan. Mo ti ń rò pé wọn ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Kí iṣẹ́ lè yá, mo ní kí wọ́n bá mi fi òwú so páálí pélébé tí mo kọ nọ́ńbà sí mọ́ ara ẹrù. Bí òwú ṣe bọ́ sí wọn lọ́wọ́, tí ojú wọn wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu wọn là.

"Kọ́kọ́rọ́ tó o mú lẹ́ẹ̀kan yẹn, ti yàrá tí èmi àti bàbá yín kọ́kọ́ gbé ni. Nígbà tí a fẹ́ kó jáde, onílé ní ká dá méjèèjì padà. Mo fún un ní ẹyọ kan."

Kí ló dé tí wọn ò fún un ní èkejì?

"Bó bá di ọjọ́ kan tí gbogbo nǹkan dojú rú, ó kéré tán, mo mọ ilẹ̀kùn kan tí mo lè ṣí."

Onílé á ti pààrọ̀ àgádágodo yẹn láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Wọ́n mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú báàgì ọwọ́ wọn báyìí, wọn ò jẹ́ kí n fi sínú páálí.

Bí mo ṣe wá ń ṣe é látìgbà náà nìyí: màá fún wọn ní iṣẹ́ tí kò le, òwú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, màá sọ fún wọn pé fóònù ti ń gba ohùn, màá sì fi áńkáṣíìfù bò ó kí ojú wọn lè kúrò lára rẹ̀. Mi ò bi wọ́n mọ́ pé kí ni nǹkan yìí jẹ́ fún yín. Ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn nìyẹn. Ohun tí mò ń bi wọ́n ni pé ta ló gbé e wọlé, ibo ló máa ń wà nínú ilé, ta ni wọn kì í jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ìkẹta yẹn ló máa ń tú gbogbo rẹ̀ jáde, títí kan ìjà tí mi ò mọ̀ pé wọ́n jà.

Ẹ gbọ́ ti aago ògiri. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ló kú sí. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ fún mi pé ọjọ́ tí bàbá wa kú ló dúró, mo sì ti sọ ìtàn yẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo tiẹ̀ ti fi sunkún rí. Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún yín?" Bàbá wa ló máa ń yí i ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Irú aago bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá yí i kún lẹ́ẹ̀kan, á rìn fún ọjọ́ mẹ́jọ. Nígbà tí wọn ò sí mọ́, kò sẹ́ni tó rántí yí i, ló bá dúró. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ tán, aago náà ṣì ń rìn lórí èyí tí ọwọ́ wọn yí kẹ́yìn. Èmi fara mọ́ ìtàn yìí ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ, àmọ́ òun ò gbà.

Maṣíìnì náà ní àríyànjiyàn tiẹ̀. Ohun tí a gbọ́ dàgbà ni pé màmá àgbà ló rà á lọ́dún 1925. Singer máa ń tẹ nọ́ńbà mọ́ irin ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, lápá ọ̀tún. Lẹ́tà méjì ló ṣáájú tiwa, E sì ni àkọ́kọ́, àmì ilé iṣẹ́ wọn ní Clydebank lórílẹ̀-èdè Scotland, èyí tí wọ́n tì ní 1980. Àwọn tó ní lẹ́tà méjì bẹ́ẹ̀ ò tíì máa jáde níbẹ̀ ní 1925. Ó di lẹ́yìn 1930. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́. "Bàbá yín ló ń sọ 1925," ni màmá wí. "Wọ́n fẹ́ràn kí nǹkan dàgbà." Mo kọ méjèèjì sórí páálí rẹ̀: ohun tí irin wí àti ohun tí bàbá wí.

Ife tánganran tó sán, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe dé ilé wa. "Jù ú nù," ni màmá wí, wọn ò tiẹ̀ wojú rẹ̀. Orí tábìlì mi ló wà báyìí, ó kún fún báírò.

Álíbọ́ọ̀mù ló jẹ ọjọ́ kẹta tán. Irú èyí tí gọ́ọ̀mù wà lójú ìwé rẹ̀ ní ìlà-ìlà ni, tí wọ́n á lẹ fọ́tò mọ́ ọn, tí wọ́n á wá fi ọ̀rá bò ó. Ọjọ́ ti pẹ́, gọ́ọ̀mù ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àwọn fọ́tò kan sì ti di ara ìwé. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi èékánná yọ fà ya, ìdajì bàtà àbúrò bàbá mi ṣì wà lójú ìwé náà dòní. Mo bá sinmi agídí. Mo ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lódindi ná, torí bí wọ́n ṣe tò wọ́n náà ní ohun tó ń sọ. Ta ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ ta, ta ni wọ́n tì sí igun. Lẹ́yìn náà ni mo wá okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yọ nǹkan láàrin eyín, mo ń tì í bọ ẹ̀yìn fọ́tò, mo ń fà á sọ́tùn-ún sósì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi. Èyí tó bá kọ̀, mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Fọ́tò aláwọ̀ ti di pupa rúsúrúsú. Dúdú-àti-funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jù ú lọ, kò yí padà. Fàdákà ló gbé àwòrán dúdú-àti-funfun ró. Aró ni ti aláwọ̀, aró sì ń ṣá, èyí pupa, èyí búlúù, ọ̀kan ń yá ju ìkejì lọ. Kò sí bí a ṣe lè dá a dúró pátápátá, mo kàn gbà á sórí kọ̀ǹpútà ní 600 dpi, ìyẹn àmì tíntìntín 600 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, mo fi ẹ̀dà kan sí dísíìkì, òmíràn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ tí màmá dá mọ̀, pẹ́ńsù tó rọ̀ ni mo fi kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò, létí-létí. Báírò máa ń tẹ ojú fọ́tò láti ẹ̀yìn, tàdáwà rẹ̀ a sì máa yọ́ jáde bí ó bá yá. Àpò ìwé tí kò ní ásíìdì ni mo kó wọn sí, kì í ṣe ọ̀rá, kì í ṣe ìwé ìròyìn àtijọ́.

Pípín ò le tó bí mo ṣe rò. 24 bá màmá lọ, a pín 28, a da mẹ́sàn-án nù.

Ó wá ku kásẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà 61, tó jẹ́ apá kan ohun tó ń bá màmá lọ. Bàbá wa ti fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà: MÁ GBA NǸKAN LÓRÍ ÈYÍ. Wọ́n tún ti ṣẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì lókè, kí ẹ̀rọ má baà lè gba nǹkan míì lé e. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dáàbò bò tó bẹ́ẹ̀, ohùn bàbá ló máa wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀.

Òwú pélébé tó ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ ti já bọ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti gbẹ. Mo ra kásẹ́ẹ̀tì òfìfo tó ní síkúrù márùn-ún, mo tú tàtijọ́ náà, mo gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì sínú ara tuntun. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n; téèpù náà ò fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́rin. Mo yá ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, mo fi ọtí ìfọgbẹ́ nu orí rẹ̀, mo fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí kọ̀ǹpútà lè máa gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀, torí téèpù àtijọ́ lè kọrin lẹ́ẹ̀kan kó má kọ ọ́ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá. Àwa mẹ́ta jókòó sílẹ̀. Rédíò ni. Orin, ìpolówó, orin, ariwo ibi tí wọ́n ti ń wá ìkànnì. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 23, ilẹ̀kùn kan ké, ọmọdé kan ní, "Ṣé ó ń gbà á?" Ọkùnrin kan ní, "Ṣììì!" Orin bá ń lọ.

Kò sí nǹkan míì títí tó fi tán lójú méjèèjì. Gbogbo ohun tí a rí gbà lára bàbá wa kò ju ṣììì kan lọ. Ìgbà mẹ́jọ la padà gbọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ni ọmọ yẹn, mo ní irọ́, èmi ni, ohùn wa ti ń lọ sókè kí màmá tó ní ká dákẹ́ ká tún un gbé sí i.

Wọ́n gbọ́ ọ. Òwú ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Kò sí nínú ẹ̀yin méjèèjì. Àbúrò yín nìyẹn."

Mo kọ lẹ́tà rẹ̀ sórí páálí nọ́ńbà 61, màmá so ó. Mo fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i lóru ọjọ́ yẹn. Ti dùróà, mo ní kó ṣì dúró ná.