Ẹ má fi lẹ́tà nìkan rán ọmọ wá ṣe IT

Ọdún 1973 ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, dá SIWES sílẹ̀, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́ (IT), kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kan iṣẹ́ kó tó gboyè. Àwa tá a wà níléeṣẹ́ ní Olúyọ̀lé, n'Íbàdàn, "ọmọ IT ti dé" nìkan la mọ̀ ọ́n sí. Lẹ́tà á dé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gba akẹ́kọ̀ọ́ yìí fún oṣù 6." Ó parí. Kí ló ti kọ́? Kí lẹ fẹ́ kó wá kọ́? Lẹ́tà ò sọ.

Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn, ti yunifásítì sì ni. Ojú ìwé kan péré ti tó láti kọ ọ́ sí: ọ̀sẹ̀ 4 lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ ọjà wò, ọ̀sẹ̀ 4 nídìí ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí àdéhùn yunifásítì àti iléeṣẹ́ tí wọ́n fi gíláàsì bò, tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, tí àwọn ọ̀gá ń bọ ara wọn lọ́wọ́ nínú fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó yẹ kó kọ́ ọmọ níṣẹ́ ò gbọ́ ọ rí.

Tiwa náà ò kéré. Ọmọ tó ń ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, a ó ní kó lọ ra àmàlà wá. Èmi gan-an fi ọmọbìnrin kan sídìí fáìlì fún oṣù méjì, torí pé n kò ráyè. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ tó ń dé ìgò yọnu ló ní, "Ẹ má bínú sà, bẹ́líìtì yẹn ló ti dẹ̀. Látàná ni mo ti ń gbọ́ ìró ẹ̀." Láti ìdí fáìlì! Ojú tì mí.

Logbook, ìwé tí ọmọ ń kọ iṣẹ́ tó ṣe sí, ńkọ́? Ojoojúmọ́ ló yẹ kọ́mọ máa kọ ọ́, kí ọ̀gá máa buwọ́ lù ú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé wá bó bá ku ọ̀la, bírò kan náà ni látòkèdélẹ̀. Ọjọ́ Àìkú pàápàá wà níbẹ̀, ọjọ́ tí géètì wa wà ní títì. Ẹ má lu irú ẹ̀ lóǹtẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń wá bẹ̀ wọ́n wò, ẹ má jókòó sínú mọ́tò kẹ́ ẹ ní kí wọ́n gbé logbook wá. Ẹ wọlé, ẹ tẹ̀lé ọmọ dé ìdí ẹ̀rọ, ẹ ní kó ṣàlàyé ohun tọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣe.

Owó ọkọ̀ náà wà ńbẹ̀. Láti Àjíbọ́dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, dé Olúyọ̀lé kì í ṣe ọkọ̀ kan. Iléeṣẹ́ tí ò ní san kọ́bọ̀, kó tètè sọ ọ́ nínú lẹ́tà ìdáhùn, kọ́mọ tó háyà yàrá.