Aago awakọ̀ òfúrufú kì í ṣe aago sójà: ibi tí àwọn tó ń rà á ti máa ń ṣìnà

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra aago ọwọ́ kan tí ìbú ojú rẹ̀ tó mílímítà 46. Ẹni tó tà á fún mi ní aago sójà ni, pé kò sí ibi tí n kò lè gbé e dé. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gbé e dé òde ìgbéyàwó. Bí mo ṣe nawọ́ láti ná ìyàwó lówó ni kókó ẹ̀gbẹ́ aago kọ́ ẹnu ọwọ́ bùbá mi, òwú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Léèsì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ni o! Ìgbà tí mo délé ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Aago awakọ̀ òfúrufú ni nǹkan tí mo so mọ́wọ́, wọn kò sì ṣe irú rẹ̀ fún abẹ́ aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Àṣìṣe mi ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ èèyàn: a rí ojú dúdú, a rí nọ́ńbà funfun gbàgìdì, a ní sójà ni. Irú aago méjèèjì ló máa ń ní ojú dúdú, nítorí àwọn tí wọ́n ṣe é fún máa ń ṣiṣẹ́ lóru pẹ̀lú. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé: ẹni tí wọ́n ṣe é fún, ṣé ó jókòó ni, àbí ó ń rákò?

Ẹ wo èyí tí Jámánì ṣe fún àwọn atọ́nà inú bàálù ogun rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1940. Ilé iṣẹ́ márùn-ún ló ṣe é: A. Lange & Söhne, Laco, Stowa, Wempe àti IWC. Mílímítà 55 ni ìbú rẹ̀, àfi bí ọmọrí ìkòkò kékeré. Orí ọwọ́ jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń dè é, ìdí nìyẹn tí okùn rẹ̀ fi gùn. Kókó tí wọ́n fi ń wáìǹdì rẹ̀ tóbi, ó rí bí àlùbọ́sà, kí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ nínú òtútù òkè lè dì í mú. Níbi tó yẹ kí 12 wà, àmì onígun mẹ́ta ni ẹ ó bá níbẹ̀ pẹ̀lú tóótòòtó méjì, kí ojú lè mọ òkè aago lẹ́ẹ̀kan náà bí bàálù tilẹ̀ ń mì. Ọ̀ṣọ́ kọ́ ni.

Bí ẹ bá fa kókó yẹn jáde, ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá á dúró gbọnin. Kí wọ́n tó gbéra, gbogbo wọn á to aago wọn pọ̀ dọ́gbadọ́gba. Ẹni tó ń fi ìràwọ̀ wá ọ̀nà lókè kò gbọdọ̀ fi àkókò ṣeré: ní agbedeméjì ayé, bí aago rẹ̀ bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 4 péré yẹ̀, yóò fi bíi kìlómítà méjì ṣi ibi tó wà. Tó bá jẹ́ odindi ìṣẹ́jú kan, ó di nǹkan bíi kìlómítà 28.

Ti sójà ẹlẹ́sẹ̀ yàtọ̀. Òun ń fàyà fà nínú ẹrẹ̀, ó ń gun ògiri, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń parí lọ, ilé iṣẹ́ 12 ló ṣe aago fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ W.W.W. sẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn aago ọwọ́ tí omi kì í wọ̀ (Watch, Wrist, Waterproof). Ó kéré, nǹkan bíi mílímítà 35 sí 38 ni, kò sì ní kókó ràgàjì bíi ti Jámánì tí igi tàbí okùn lè fà. Okùn náílọ́ọ̀nù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fàṣẹ sí ní 1973 wá bá irú aago bẹ́ẹ̀ mu gan-an, torí ó gba abẹ́ aago kọjá lódindi: bí irin tó di okùn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bá já, ti ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣì dì í mú.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn di ẹni tó ń fi tépù nìkan dájọ́. Aago Mark 11 tí wọ́n ṣe fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1948, nǹkan bíi mílímítà 36 péré ni. Irin tó yí ẹ̀rọ rẹ̀ ká nínú, tí kì í jẹ́ kí òòfà ba ìrìn rẹ̀ jẹ́, lẹ ó fi mọ̀ pé ti òkè ni. A-11 ti Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ìtàjà ń pè ní bàbá aago sójà lónìí, àwọn ọmọ ogun òfúrufú ni wọ́n kọ ìlànà rẹ̀ fún! Tí ẹ bá sì fẹ́ rà, ẹ wọn aago láti etí dé etí, níbi tí okùn ti ń wọlé. Ibẹ̀ ló ń yọ kọjá ọrùn ọwọ́, kì í ṣe ojú.

Ká tó kúrò níbẹ̀, kíkà rẹ̀ ńkọ́? Irú ti Jámánì tó jáde ní 1941 kó nọ́ńbà ìṣẹ́jú sí òde, ó fi ti wákàtí sí agbo kékeré nínú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀kan, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, aago àádọ́ta ti lù.” Ọwọ́ kúkúrú ni kí ẹ fi ka agbo inú. Nọ́ńbà 13 sí 24 tó máa ń wà nínú àwọn aago sójà kan kì í ṣe àkókò ìlú òkèèrè. 15 níbẹ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán ni.

Ọ̀rọ̀ omi kò gùn: bí ẹ bá rí 30 mítà lẹ́yìn aago, ẹ fọwọ́, ẹ má fi wẹ odò.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti àwọn tó ń ra ògbólógbòó tí wọ́n sì ń fi ọ̀bẹ ṣí i nílé. Radium, èròjà kan tí ìtànṣán rẹ̀ lè pa ara lára, wà nínú ọ̀dà tó ń tàn lójú ọ̀pọ̀ aago ayé ogun. Ẹ má wò ó pé kò tàn mọ́ kí ẹ rò pé ó ti kú. Èròjà tó ń mú un tàn ló ti gbó. Radium fúnra rẹ̀ ń gba nǹkan bí 1,600 ọdún kó tó dín sí ìdajì. Ẹ má ha á, ẹ má fẹ́ eruku rẹ̀. Bí ó bá nílò àtúnṣe, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún alátùnṣe kó tó fi irinṣẹ́ kàn án.