Báńnà kọ́ ló kàn: àṣìṣe àwọn alákòóso tuntun nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ alájọṣe yunifásítì

Bí mo bá gbọ́ pé wọ́n ti fún ẹnì kan lówó láti kọ́ àwọn olùwádìí ìṣègùn ní yunifásítì bíi márùn-ún pọ̀, tí ohun tó kọ́kọ́ ṣe sì jẹ́ pé ó lọ tẹ báńnà, orí a máa fọ́ mi.

1. Ẹ má fi owó ọdún kìíní ṣe ìfilọ́lẹ̀. Fọ́tò kì í kọ́ èèyàn ní PCR, ìyẹn ọ̀nà tí láàbù fi ń ṣe ẹ̀dà DNA lọ́pọ̀ yanturu.

2. Ẹ ka ìlànà owó kí ẹ tó ṣèlérí. Lórí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, 8% péré ni yunifásítì lè mú fún ìnáwó abẹ́lé, bí iná àti iṣẹ́ ọ́fíìsì. Èmi ọlọ́gbọ́n ti ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sá fún bọ́sà.

3. Aago mẹ́ta, aago ibo? Amẹ́ríkà ń sún aago síwájú ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta; Yúróòpù ń dúró di èyí tó kẹ́yìn oṣù náà. Mo ti jókòó sójú Zoom rí, tí mò ń bú olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà pé kò wá. Ó ti wá ní wákàtí kan ṣáájú, ó dúró títí, ó bínú lọ.

Èyí tó ń dùn mí wọra wá nìyí: ẹ má mú akẹ́kọ̀ọ́ láì bá ọ̀gá láàbù rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ti lẹ́tà kọ́ ni mò ń wí o, kò sí lẹ́tà tí ọ̀gá kì í fọwọ́ sí. Ẹ pè wọ́n. Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ni wọ́n máa yọ̀ǹda ọmọ yìí? Inú fíríìsà wo ló máa kó nǹkan sí?

Ọmọbìnrin kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n nídìí pipette, ohun tí a fi ń wọn omi díẹ̀díẹ̀ ní láàbù. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi kọ́ ọ, a sì di enzyme PCR fún un lọ sílé. Ìwọ̀n −20°C ló yẹ kí enzyme yẹn wà. Àwọn ohun àyẹ̀wò àtijọ́ ọ̀gá rẹ̀ ti kún fíríìsà dẹ́nu, ni ẹnì kan bá gbé páálí náà sórí tábìlì "di ọ̀la." Lórí gel rẹ̀, níbi tí èsì PCR ti ń hàn, ladder, ìyẹn àmì òṣùwọ̀n, nìkan ló hàn. Ó kọ ímeèlì sí mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó rò pé ọwọ́ òun ló ti gbàgbé iṣẹ́. Èmi náà ń fọgbọ́n ṣe: dín ooru annealing, ìgbésẹ̀ kan nínú PCR, kù, fi kún un. Ìgbà kẹta ni mo tó béèrè fíríìsà! Mo pe ọ̀gá rẹ̀. "Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wo?" ni wọ́n wí. Lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ sí wà níwájú mi.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ohun tí H3ABioNet, àjọṣe àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣàtúpalẹ̀ DNA ní Áfíríkà, ṣe ní 2016 nìyẹn. Fídíò ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo kíláàsì ń wò káàkiri Áfíríkà, ṣùgbọ́n kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní olùrànlọ́wọ́ tirẹ̀ tó wà níbẹ̀.

Ìkarùn-ún, àbí ìkẹfà: ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ ìlànà ìwà nínú ìwádìí (ethics) ti yunifásítì kan kì í fi dandan tó fún ìkejì. Ẹ tètè béèrè.

Ti àmì yunifásítì tó máa ṣáájú lórí ìwé ẹ̀rí, ẹ tò wọ́n ní a-b-d kí ẹ lọ sùn. Ẹnì kan á ṣì kọ lẹ́tà.