Kí ẹ tó tẹ mount lẹ́ẹ̀karùn-ún: dráìfù CD àti DVD lórí Linux

Iṣẹ́ mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni kí n máa kó fídíò ìnáwó kúrò nínú pléètì DVD sínú fláàṣì. Ìgbéyàwó 2006, ìsìnkú bàbá àgbà, ìsọmọlórúkọ ọmọ tó ti wọ yunifásítì báyìí. Debian, ọ̀kan lára irú Linux, ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, okùn USB ni mo sì fi so dráìfù mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ojú mi má rí màbo lọ́wọ́ pléètì kan.

Tí pléètì kò bá ti ṣí, mount, àṣẹ tó ń so pléètì mọ́ fódà kí ẹ lè rí fáìlì inú rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn á máa tẹ̀ léraléra, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé tí onílé ti kó kúrò. Ẹ ṣí terminal, ojú ibi tí à ń tẹ àṣẹ sí, kí ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà tilẹ̀ rí dráìfù náà:

lsblk

sr0 ni orúkọ tó máa ń jẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi pléètì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì kàn án. Ẹ yọ okùn, ẹ tẹ èyí, kí ẹ tún okùn kì bọ ihò rẹ̀, kí ẹ máa wo ọ̀rọ̀ tí Linux ń kọ jáde (sudo ló ń fún àṣẹ ní agbára alákòóso):

sudo dmesg -w

Bí ohunkóhun kò bá jáde, okùn tàbí ihò USB ni ẹ óò pààrọ̀. Bí ó bá rí dráìfù ṣùgbọ́n tí sr0 kò yọjú, ẹ gbìyànjú sudo modprobe sr_mod, tó ń gbé apá Linux tó ń darí dráìfù wọlé.

Tèmi yàtọ̀ lọ́dún tó kọjá. sr0 wà, pléètì wà nínú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, yùn-ùn-ùn, á dún kọ́, á dákẹ́. dmesg ń kọ "USB disconnect", á tún rí i, á tún sọ ọ́ nù. Mo bú Linux, mo bú ẹni tó ta dráìfù fún mi. Àṣé iná ni kò tó o jẹ. Mo ti ki okùn rẹ̀ bọ hub, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín ihò USB, tí mo fi ń gba iná sí fóònù. Iná tí ihò USB 2 ń fúnni kò ní ju 500 mA lọ nínú òfin rẹ̀, mọ́tò dráìfù sì lè fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń gbéra. Mo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù tààrà, wàhálà tán.

Ó wá kan pléètì (/mnt ni fódà tí fáìlì rẹ̀ yóò ti hàn):

sudo mount -o ro /dev/sr0 /mnt

Bí ó bá dáhùn pé "no medium found", dráìfù kò mọ̀ pé nǹkan wà nínú òun. Ẹ tẹ pléètì mọ́ àárín títí yóò fi dún. Bí ó bá ń ka CD tí kò ka DVD, ó lè jẹ́ iná lésà tó ń ka DVD ló ti rẹ̀, nítorí iná lésà CD àti ti DVD yàtọ̀. Kò sí àṣẹ tí ẹ lè tẹ̀ tó máa jí i.

Èsì tó ń da ènìyàn láàmú jù ni "wrong fs type, bad option, bad superblock", ìyẹn ni pé mount kò rí fáìlì tó lè ṣí nínú pléètì. CD fújì tí wọ́n ṣe fún rédíò kò ní fáìlì kankan nínú, orin lásán ni, kò sì lè ṣe mount láé. Ẹ fi vlc cdda:///dev/sr0 gbọ́ ọ. Èyí tí wọ́n kó MP3 sí máa ń ṣí ní tiẹ̀.

Màmá kan gbé DVD ìsìnkú ọkọ wọn wá. "Ọmọ mi, ibi mẹ́ta ni mo gbé e lọ, wọ́n ní òfìfo ni." Mo gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sí ojú fèrèsé. Láti àárín títí dé nǹkan bí ìdajì, àwọ̀ rẹ̀ ṣú díẹ̀. Ìyókù ń dán gbinrin. Wọ́n ti kọ nǹkan sí i nìyẹn. Mo tẹ dvd+rw-mediainfo /dev/sr0, ó ní "Disc status: appendable": ẹni tó ya fídíò kò pa pléètì dé lẹ́yìn iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé e padà sí ẹ̀rọ tó gbà á sílẹ̀, kí wọ́n ṣe finalize sí i. Lọ́jọ́ kẹta ó ṣí.

Bí dmesg bá ń kọ "I/O error, dev sr0", ojú pléètì ló ti ha tàbí dọ̀tí. Ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ òwú nù ún láti àárín lọ sí etí. Ẹ má nù ún yípo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi apt gba gddrescue, tó ń da pléètì kọ sínú fáìlì kan. Àṣẹ àkọ́kọ́ ń kó ibi tó rọrùn, èkejì ń padà sí ibi tó kọ̀:

sudo ddrescue -n -b 2048 /dev/sr0 isinku.iso isinku.map
sudo ddrescue -d -r3 -b 2048 /dev/sr0 isinku.iso isinku.map

Fáìlì map yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí bátìrì sì kú, ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ̀, ibi tó dúró sí ni yóò ti máa bá a lọ. Tó bá parí, sudo mount -o loop,ro isinku.iso /mnt.

Bí pléètì bá wá kọ̀ tí kò jáde, ó lè jẹ́ terminal yín ló jókòó sínú /mnt. Ẹ tẹ àṣẹ cd láti kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn náà sudo umount /mnt, kí ẹ tó tẹ eject.