SUV oníná nínú òtútù Minnesota, ní Amẹ́ríkà: bí a ṣe gba kìlómítà padà

Bátìrì ọkọ̀ náà ń gba 100 kWh (kWh ni ìwọ̀n iná). Nígbà ooru, ọkọ̀ ń jẹ 24 kWh fún 100 km, ìyẹn bíi 415 km kí iná tó tán. Nígbà tí òtútù dé −15°C, ó di 36 kWh, bíi 275 km péré. Bátìrì ò bàjẹ́ o. Híta, ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ gbóná, ló ń mu iná jù.

Tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, híta lè fa 4 sí 6 kW. Ìrìn kúkúrú ló burú jù: ẹ páàkì fún wákàtí mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á tún tutù, híta á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wáyà ṣájà wà lára ọkọ̀ mọ́jú, kí ẹ sì ṣètò àkókò ìgbéra sínú áàpù ọkọ̀. Iná ilé ni yóò mú bátìrì àti inú ọkọ̀ gbóná. Tí ẹ bá ti wọnú ọkọ̀, ẹ dín híta sí 18°C, kí ẹ tan híta ìjókòó; ti ìjókòó kan ò ju nǹkan bíi 100 W lọ.

Táyà náà ńkọ́? Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń fi bíi 1 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ táyà) sọ̀kalẹ̀ fún gbogbo 5.6°C tí òtútù bá fi pọ̀ sí i. 42 psi ní 20°C á di 36 ní −15°C. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, kí ẹ fún un dé iye tó wà létí ilẹ̀kùn awakọ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ó padà sí 30 kWh fún 100 km, ìyẹn bíi 330 km. Tí ọkọ̀ ò bá dín eré kù fúnra rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ tó ń mú un sáré, bátìrì ṣì tutù nìyẹn. Ẹ tètè tẹ bíréèkì.