Bí mo ṣe rí NGC 253 láti oko wa ní Kétu

Alẹ́ kẹta ni mo tó rí i. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, òṣùpá mọ́lẹ̀ rekete, ìràwọ̀ kéékèèké ò lè yọjú. Ní alẹ́ kejì, kò sí òṣùpá, ṣùgbọ́n mo ń tan fóònù wò ṣáá. Ojú èèyàn máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó mọ òkùnkùn dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ fóònù díẹ̀ ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ni NGC 253, bíi èyí tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀. Àwọn apá rẹ̀ lọ́ yí àárín ká bí ìlà ara ìkarahun ìgbín. Caroline Herschel, ọmọ Jámánì tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1783, níbi tó ti ń fi awò awọ̀nàjíjìn kékeré wá ìràwọ̀ onírù. Awò kékeré yẹn ló fún mi nígboyà. Awò olójú méjì 10×50, tí a ń pè ní jumelles lọ́dọ̀ wa ní Benin, ni èmi náà ní.

Àárín oṣù kọkànlá ni. Òjò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ kò sì tíì gbé eruku rẹ̀ dé. Èmi àti àbúrò mi tẹ́ ẹní sí oko wa lọ́nà Ìlárá, fóònù wà nínú àpò. Nígbà tó di bí aago 10, a kọjú sí gúúsù. Ìràwọ̀ Diphda wà lókè gan-an níwájú wa. Ìràwọ̀ mìíràn, Fomalhaut, ti sọ̀ kalẹ̀ lápá ọ̀tún. Tí o bá na apá tí o sì di ẹ̀ṣẹ́, NGC 253 kò jìn tó ẹ̀ṣẹ́ kan sí ìsàlẹ̀ Diphda. Mo gbé Diphda sí etí òkè awò, mo rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

N kò rí nǹkan kan. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, mo gbé ìgbọ̀nwọ́ ti àyà. Síbẹ̀, òfo ni. Ìgbà náà ni mo rántí ọ̀rọ̀ bàbá àgbà mi tó jẹ́ ọdẹ: ẹran tó bá wà lókùnkùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí o wò. Òótọ́ ni, torí àárín ẹyinjú kì í ríran dáadáa lóru, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló lágbára. Mo yí ojú díẹ̀ sí ọ̀tún, ó sì yọ.

Ó dà bí ẹfun tí èèyàn fi ìka nù lára aṣọ dúdú. Ó gùn tó fífẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú, tàbí kó dín díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí ó dà bí àwo tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wo etí rẹ̀ nìkan. N kò rí apá lílọ́ kankan. Awò ńlá ló ń fi ìyẹn hàn, òun náà ló fi hàn pé ìràwọ̀ tuntun ń yára bí láàárín rẹ̀, tí gáàsì gbígbóná sì ń tú jáde. Èmi ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú mi yẹn ti rin bíi mílíọ̀nù ọdún 11. Nígbà tó gbéra, kò tíì sí ènìyàn kankan láyé.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí i! Ó tún lọ."

"Má tẹjú mọ́ ọn."

Kò dá awò padà fún mi mọ́ títí ìrì fi bo gíláàsì rẹ̀, tí Diphda sì ti ń tẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn.