Bí A Ṣe Ń Yan Kíláǹpù Tó Bá Páìpù Mu

Tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé bàbá wọn ṣe kí Ojúde Ọba tó bá wọn lójijì, iṣẹ́ kì í wọ́n pọ́ńbà àti oníná n'Íjẹ̀bú-Òde. Wọ́n á gbé táǹkì tuntun sókè, wọ́n á fa omi láti orí kànga, wọ́n á na páìpù wáyà mọ́ ara ògiri. Kíláǹpù tó máa di gbogbo ẹ̀ mú ni wọ́n máa ń rà kẹ́yìn, pẹ̀lú ṣénjì tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ yí ẹ̀yìn ilé wọn ká, ẹ ó rí ìṣó tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ tó gbé páìpù dúró, tàbí kíláǹpù tó tóbi débi pé páìpù ń jó nínú ẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá tan súmò tó ń fa omi.

Nọ́ńbà ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Páìpù omi tí à ń pè ní ìnṣì kan, ihò inú rẹ̀ ló sún mọ́ ìnṣì kan; tí ẹ bá wọn ẹ̀yìn rẹ̀ láti etí kan dé èkejì, ó tó mìlímítà 33. Ti páìpù wáyà kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń pè é: 20 jẹ́ 20, 25 jẹ́ 25. Ìnṣì kan sì rèé, mìlímítà 25 àti díẹ̀ ni. Ẹ dé ìsọ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní kíláǹpù ìnṣì kan, ọmọ ìsọ̀ kó 25 ti páìpù wáyà lé yín lọ́wọ́. Kò rẹ́ yín jẹ, ẹ̀yin náà ò ṣì í sọ, àmọ́ páìpù omi yín ò ní wọ inú ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wọn ẹ̀yìn páìpù kí ẹ tó kúrò nílé. Bí kò bá sí kálípà, irinṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀yìn nǹkan, ẹ ya bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ wé e mọ́ páìpù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi bírò sàmì síbi tó ti pàdé. Ẹ tẹ́ bébà yẹn sílẹ̀, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ẹ wá fi 3.14 pín in. Bí bébà bá jẹ́ mìlímítà 105, páìpù jẹ́ 33 àti díẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ìṣirò, kó gé èékù páìpù kékeré sápò, kó gbé e lọ sí ìsọ̀, kí wọ́n fi kíláǹpù wọ̀ ọ́ lójú ẹ̀. Èmi fara mọ́ ìyẹn jù.

Fún páìpù onírin àti PVC (páìpù onike) omi tó nípọn, ààbọ̀ ìnṣì máa ń tó mìlímítà 21 lẹ́yìn, 3/4 tó 27, ìnṣì kan àbọ̀ tó 48, ìnṣì méjì tó 60. PPR, páìpù onike mìíràn tí wọ́n ń fi iná jó pọ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń pè é: 20, 25, 32. Ẹ fura sí ìnṣì mẹ́rin: èyí tó fẹ́lẹ́, tí à ń lò fún ìgbọ̀nsẹ̀, jẹ́ 110, ti omi tó nípọn jẹ́ 114. Kíláǹpù 110 kì í pa ẹnu dé lórí 114, bó ti wù kí ẹ yí súkúrúù ẹ̀ tó.

Bí kíláǹpù onírọ́bà bá kọ 32–36 sára, páìpù 33 tàbí 34 ló dára fún jù. Bó bá tóbi díẹ̀, ẹ gé túúbù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́, ẹ fi tẹ́ inú ẹ̀. Ẹ má fi àkísà tẹ́ ẹ o. Òjò ìlú wa yìí kì í jẹ́ kó gbẹ, ìpẹtà ló sì ń fà.

Báwo ló ṣe yẹ kó fún tó? Irin lè fún dáadáa. Ṣùgbọ́n ike máa ń gùn nínú oòrùn. PVC mítà 4 tó lọ sórí táǹkì, bí ọ̀sán bá fi dígíríì 30 gbóná ju ìdájí lọ, á fi bíi mìlímítà 8 gùn sí i. PPR á tó 18. Bí kíláǹpù bá fún un lọ́rùn níbi gbogbo, á wọ́, tàbí kó fa ẹnu táǹkì títí omi á fi máa kán. Ẹ di ọ̀kan mú ṣinṣin nítòsí fáàfù, kí ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù kàn gbá a mọ́ra, kí ẹ lè fi ọwọ́ tì í síwá sẹ́yìn. Ẹ má gbé kíláǹpù lé orí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó so páìpù méjì pọ̀.

Páìpù ìnṣì kan tó nà gbalaja fẹ́ kíláǹpù ní bíi sẹ̀ǹtímítà 80 síra wọn, páìpù wáyà náà sún mọ́ ọn. Èyí tó dúró lóòró lè jìnnà sí i díẹ̀. Níbi tí páìpù bá ti ṣẹ́ kọ́nà, ẹ fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìnṣì mẹ́rin tó kún fún omi ń gbé bíi kílò 8 lórí mítà kan, nítorí náà físà 8 (ike tí a ń kì bọ ihò ògiri kí súkúrúù lè mú) àti súkúrúù tó gùn ni kí ẹ lò. 6 tó fún àwọn kékeré.

Bí dírìlì bá já wọ inú búlọ́ọ̀kù lójijì, ihò búlọ́ọ̀kù lẹ bọ́ sí, físà ò ní mú níbẹ̀. Ẹ sún síbi tó bá le. Àwọn ilé àtijọ́ wa, amọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ lójú ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ gbá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri wọn ná, pẹ̀lú ìṣó gígùn lójú púpọ̀, kí ẹ wá de kíláǹpù mọ́ pákó. Físà nínú amọ̀, ọwọ́ ọmọdé lè fà á yọ.

Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ tan súmò, kí ẹ fi ọwọ́ kan kíláǹpù kọ̀ọ̀kan bí omi ṣe ń gòkè. Èyí tó bá ń gbọ̀n, ẹ tú u, ẹ wọn páìpù ibẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.